Èsì: Ohùn tó ń dún bíi ti inú kànga

Ọ̀gá mi, ẹ ní ohùn orin tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ nínú yàrá yín n'Ílọrin ń dún bíi ti inú kànga, ẹ wá fẹ́ ra máìkì tuntun. Ẹ má tíì náwó. Ògiri sìmẹ́ńtì àti táìsì ilẹ̀ ló ń dá ohùn padà.

Ẹ gbé fóòmù ibùsùn nàró sẹ́yìn ara yín. Ẹ̀yìn máìkì kọ́ o! Máìkì cardioid (irú èyí tó ń gbọ́ ohun tó wà níwájú rẹ̀ jù) kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn tó ń ta padà lára ògiri tẹ́ ẹ kẹ́yìn sí ló ń gbọ́. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn kọ́ ọ̀tún àti òsì.

Kí ẹnu jìnnà sí máìkì tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Bí "b" àti "f" bá ń fẹ́ atẹ́gùn lù ú, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti ń ké jù nínú orin ni kẹ́ ẹ fi wọn gain (bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé ohùn máìkì sókè tó), kí ìwọ̀n ohùn lójú mítà má kọjá -6 dB. Tó bá kan 0, ohùn ti ya nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ kì í dáa.

Ẹ pa fáànù. Ẹ fo àsìkò ìrun náà, torí bùláńkẹ́ẹ̀tì ò lè dá láùdúsípíkà mọ́ṣáláṣí dúró. Ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹ gé ohùn tó rẹlẹ̀ ju 80 Hz (Hz ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe rẹlẹ̀ tàbí ga tó) kúrò, ó máa dín in kù.