Ìdí Tí Orúkọ Ọba Delhi Fi Wà Lára Owó Hyderabad

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: ẹnì kan tí ó fẹ́ràn àtimáa kó owó àtijọ́ jọ rí owó fàdákà kan láti Hyderabad, ní gúúsù Íńdíà. Wọ́n sọ fún un pé orúkọ ọba Mughal, ìdílé Mùsùlùmí tí ó ti ń ṣàkóso apá púpọ̀ nínú Íńdíà láti Delhi, ni ó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé nígbà tí wọ́n rọ owó náà, ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá tí ọba Delhi kò ti láṣẹ kankan mọ́ lórí Hyderabad. Ó ń béèrè ìtumọ̀ àṣà yìí, àti bóyá ẹ̀tàn ni tàbí ìbẹ̀rù.

Èsì mi ni pé kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nínú ìjọba àwọn Mùsùlùmí àtijọ́, ohun méjì ni a fi ń mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀: ẹni tí Lèmọ́mù bá dárúkọ lórí mínbárì nínú kùtúbà ọjọ́ Jímọ̀, àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára owó. Ẹni tí ó bá yọ orúkọ ọba kúrò níbẹ̀ ti ṣọ̀tẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì fa idà yọ. Ẹni tí ó bá sì fi orúkọ náà sílẹ̀ ń jẹ́wọ́ pé ẹnì kan ni ó fi òun sí ipò tí òun wà. Àwọn aláṣẹ Hyderabad nílò ìjẹ́wọ́ yìí gan-an, nítorí pé inú orúkọ ọba ni ẹ̀tọ́ tiwọn fúnra wọn ti wá.

Nígbà tí ìjọba Mughal ṣì le, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní aláṣẹ méjì: ajẹ́lẹ̀ tí ń darí ọmọ ogun àti ìlú, àti akápò tí ń bójú tó owó ilẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń jíhìn fún Delhi, a sì máa ń ṣí wọn nípò lóòrèkóòrè kí ẹnikẹ́ni má baà ta gbòǹgbò. Ọba Aurangzeb kú ní 1707, ètò yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni a máa ń wí, ṣùgbọ́n ní 1719 nìkan, ọba mẹ́rin ni ó jókòó lórí ìtẹ́ Delhi tẹ̀ léra wọn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Murshid Quli Khan di alágbára ní Bengal ní ìlà-oòrùn, tí Saadat Khan tí ó wá láti Páṣíà gba Awadh ní àríwá ní 1722, tí Mir Qamar-ud-din Khan sì gba Deccan, ìyẹn agbègbè gúúsù tí Hyderabad wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kéde pé òun ti di ọba. Wọ́n kàn di iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ àti iṣẹ́ akápò mú pọ̀, wọ́n kọ̀, wọn kò ṣí nípò mọ́, ipò náà sì di ohun tí ẹbí wọn ń jogún.

Mir Qamar-ud-din Khan ni baba ńlá àwọn Nizam, ìyẹn àwọn aláṣẹ Hyderabad. Baba baba rẹ̀, Khwaja Abid, wá láti Àárín Gbùngbùn Éṣíà, ó sì kú sẹ́nu iṣẹ́ Aurangzeb nígbà tí wọ́n sàga ti ìlú olódi Golconda ní 1687. Ọba Farrukhsiyar fi ọmọ ọmọ yìí jẹ oyè Nizam-ul-Mulk ní 1713, èyí tí í ṣe ẹni tí ń mú kí ìjọba wà létòlétò. Ọba Muhammad Shah sọ ọ́ di olórí àwọn ìránṣẹ́ ọba ní 1722, ṣùgbọ́n àwọn ará ààfin kò fẹ́ àtúnṣe tí ó mú wá, ó bá padà sí gúúsù. Àwọn tí ó wà ní Delhi ti Mubariz Khan, ajẹ́lẹ̀ Hyderabad, lẹ́yìn ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ó gbógun tì í. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà 1724, ní Shakar Kheda, Mubariz Khan kú sójú ogun. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nínú ìtàn pé ẹni tí ó ṣẹ́gun gbé orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Delhi, ó sì kọ̀wé bá ọba yọ̀ pé ọlọ̀tẹ̀ kan ti ṣubú.

Ohun tí mo fẹ́ kí olùbéèrè wò dáadáa nìyẹn. Ọkùnrin yìí ṣẹ́gun ẹni tí ààfin fúnra rẹ̀ rán sí i, síbẹ̀ ó ròyìn ìṣẹ́gun náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó jẹ́ fún ọba. Ọba náà kò sì lè ṣe ju pé kí ó gbà á bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1725 ó fi í jẹ oyè Asaf Jah. Asaf ni wọ́n ń pe ìránṣẹ́ àgbà tí ó sin Ànábì Sulaiman, nítorí náà oyè tí ó ga jù lọ nínú ìdílé náà, oyè ìránṣẹ́ ọba ni, kì í ṣe ti ọba.

Àǹfààní orúkọ ọba tún hàn nígbà tí Nizam-ul-Mulk kú ní Burhanpur ní 1748. Ọmọ rẹ̀ Nasir Jang àti ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀ Muzaffar Jang dìjọ du ipò náà. Àwọn Faransé wà lẹ́yìn Muzaffar Jang, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn Nasir Jang, ìbọn àti owó sì ni wọ́n fi ń bá a lọ, síbẹ̀ olúkúlùkù wọn kéde pé ìwé àṣẹ Delhi wà lọ́wọ́ òun. Kí ọdún 1751 tó dé ìdajì, wọ́n ti pa àwọn méjèèjì. Bí agbára nìkan bá tó, kí ni wọ́n ń fi ìwé Delhi ṣe? Ìdáhùn mi ni pé àwọn ìjòyè àti ọ̀gágun tí ń jẹ owó ilẹ̀ lábẹ́ wọn mọ̀ pé bí ajẹ́lẹ̀ bá wí pé orúkọ ọba kò já mọ́ nǹkan kan, kò sí ohun tí yóò dí ọ̀gágun lọ́wọ́ láti wí bákan náà nípa ajẹ́lẹ̀.

Àṣà kan náà ni ó wà nídìí ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní nazr. Ẹni tí ipò rẹ̀ kéré á ká aṣọ ìnujú, á tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á gbé owó wúrà lé e, á sì tẹríba. Ẹni tí ó jù ú lọ lè mú owó náà, ó sì lè kàn fọwọ́ bà á kí ó dá a padà. Láti ọwọ́ ẹni gíga ni aṣọ ọlá tí wọ́n ń pè ní khil'at ti ń wá. Iye owó náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń wò ni ọwọ́ tí ó wà nísàlẹ̀ àti ọwọ́ tí ó wà lókè. Kódà àwọn Gẹ̀ẹ́sì oníṣòwò ti Ilé-iṣẹ́ East India fún ọba Delhi ní nazr títí di àwọn ọdún 1840, nígbà tí àwọn fúnra wọn ti ń fún ọba náà ní owó oṣù tí ó fi ń jẹun.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí náà kò tètè yọ orúkọ ọba kúrò lára owó. Lára rúpì tí wọ́n ń rọ ní Bengal, orúkọ Shah Alam Kejì àti ọdún kọkàndínlógún ìjọba rẹ̀ ni ó wà. Ọba náà kú ní 1806, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára owó títí di 1835. Ní Awadh, àwọn Gẹ̀ẹ́sì rọ aláṣẹ ibẹ̀, Ghazi-ud-Din Haidar, pé kí ó pe ara rẹ̀ ní ọba, ó sì gba adé ní 1819, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó ní orúkọ ara rẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí òmìnira. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó rọ̀ ọ́ láti gba adé náà ni ó gba ìjọba lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ ní 1856. Tipu Sultan, aláṣẹ Mysore ní gúúsù Íńdíà, nìkan ni mo mọ̀ tí ó yọ orúkọ ọba Mughal kúrò pẹ̀lú ìgboyà tòótọ́, òun náà sì rán àwọn ikọ̀ lọ bá Sultan ti Istanbul kí ó lè rí ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ipò rẹ̀.

Ní Hyderabad, ohun tí wọ́n ṣe kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wo owó ìgbà Nizam Nasir-ud-Daula, tí ó jọba láti 1829 sí 1857, orúkọ ọba Delhi ni ó gba ojú owó náà, ṣùgbọ́n lẹ́tà nun kan ṣoṣo, tí í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Nasir-ud-Daula, wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò bá mọ̀wé Lárúbáwá kò ní fura sí i. Nasir-ud-Daula kú ní oṣù Èbìbí 1857, oṣù kan náà tí ọ̀tẹ̀ ńlá sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní àríwá. Hyderabad dúró ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn wọ̀nyí sì yọ Bahadur Shah, ọba Mughal tí ó kẹ́yìn, lórí ìtẹ́.

Nígbà náà ni wọ́n tó pààrọ̀ ohun tí ó wà lára owó Hyderabad, wọ́n sì kọ Nizam-ul-Mulk Asaf Jah sí i, pẹ̀lú 92, iye tí àwọn lẹ́tà orúkọ Ànábì Muhammad ń kó jọ. Àwọn oyè méjèèjì yẹn ni ọba méjì ní Delhi fi jẹ ẹni àkọ́kọ́ ní 1713 àti 1725. Nizam tí ó wà láàyè kò kọ ju lẹ́tà kan lọ lára owó náà: lára èyí tí wọ́n rọ nígbà Osman Ali Khan, Nizam keje tí ó jọba títí Íńdíà fi gba Hyderabad ní 1948, lẹ́tà ain rẹ̀ wà nínú ẹnu ọ̀nà Charminar, ilé ńlá olókìkí ìlú Hyderabad, tí wọ́n yà sí àárín owó náà.