Báwo ni a ṣe lè mọ ìtàn àti iye owó ìbọn ológun àtijọ́ tí bàbá wa àgbà fi sílẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí?

Àwọn àmì tí wọ́n tẹ̀ sára irin ìbọn náà ni ẹ ó fi mọ ìtàn rẹ̀, iye owó rẹ̀ sì dá lórí irú ìbọn tí ó jẹ́, bí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe pé sí, àti ẹ̀rí nípa ẹni tí ó lò ó. Ẹ wo awo irin tí ó wà ní apá ọ̀tún, lókè ibi tí ìka ń fà. Bí ó bá jẹ́ Snider-Enfield, irú èyí tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó nígbà ogun Kírìjí, ẹ lè rí adé, ọdún àti orúkọ ilé iṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún náà lè ṣáájú 1866 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Snider wọlé, nítorí pé ìbọn Enfield ti 1853, tí a ń ki láti ẹnu, ni wọ́n tún ṣe kí ó lè máa gba ọta láti ẹ̀yìn. Bí kò bá sí ibi tí ó ń ṣí lẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ṣakabùlà lásán.

Ẹ má ṣe fi nǹkan ha ìpẹtà rẹ̀, nítorí pé àmì lè pa rẹ́, owó rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀. Ẹ kọ ohun tí àwọn àgbà ilé mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Òfin Nàìjíríà ti 1959 ka níní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà ẹ rí agbẹjọ́rò kí ẹ tó gbé e jáde tàbí kí ẹ tó tà á.