Fóònù mi ti fẹ́ kú. Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú fọ́tò àti ohùn màmá mi tó wà lórí WhatsApp?

Ẹ má dúró dìgbà tó bá kú tán. Ẹ kó ẹ̀dà kan sórí Google, kí ẹ kó òmíràn sínú háàdì dískì tí kò ní kúrò nílé.

Ọ̀fẹ́ ni àyè ìpamọ́ 15 GB ti Google, ṣùgbọ́n Gmail, Drive (ibi tí Google ń bá wa tọ́jú fáìlì sí) àti Photos ló jọ ń pín in. Bí ẹ bá pa àkáǹtì náà tì fún ọdún 2, wọ́n lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́.

Ohùn ló máa ń yọni lẹ́nu jù. Ẹ tẹ ohùn náà mọ́lẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ sí Drive, kí ẹ sì sọ ọ́ lórúkọ gidi, bíi "Màmá, àdúrà ìsọmọlórúkọ". Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. PTT-2019 báyìí báyìí, orúkọ tí WhatsApp fúnra rẹ̀ fún wọn, ni gbogbo tèmi ń jẹ́, mo sì jókòó tẹ́tí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mẹ́mọ̀rì káàdì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́ ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra. Ayédèrú wà tí wọ́n kọ 64 GB sí lára tí kò gbà tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ kó fáìlì kún un, kí ẹ ṣí wọn wò, kí ẹ tó pa ti orí fóònù rẹ́.