Ẹ má torí fítámì D pa oògùn ṣúgà tì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ní àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ìsọ̀ wa jọ wà pa pọ̀ ní kí n fi metformin, oògùn ṣúgà tí mò ń lò, sílẹ̀, kí n máa lo fítámì D. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi metformin sílẹ̀. Lóòótọ́ ni fítámì D sábà máa ń kéré lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ ọ́ di oògùn ṣúgà. Ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019: àwọn tó lé ní 2,400, tí ṣúgà wọn ti fẹ́ máa ga, ni wọ́n lò. Àwọn tó ń gbé fítámì D mì lójoojúmọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ ju àwọn tí kò lò ó.

Awọ ara ló ń fi oòrùn ṣe fítámì yìí, ẹ̀yin sì rèé, abẹ́ ìbòòji lẹ wà látàárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú ìborùn. Ẹ máa jáde sóòrùn díẹ̀. Ẹ máa jẹ ẹja Títùs àti ẹyin.

Ìyá kan wá bá mi pẹ̀lú ike fítámì lọ́wọ́. Mẹ́ta mẹ́ta ló ń lò lóòjọ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì rò pé ṣúgà ni. Àpọ̀jù fítámì D ló fà á, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó rà á. Ní ti ṣúgà yín, ṣé ẹ máa ń jẹ òkèlè láfún lálẹ́? Ẹ dín in kù lónìí.