Ẹ fọ páìpù yẹn mọ́ ná kẹ́ ẹ tó ti smart pig wọ̀ ọ́

Ẹni tó ní ọ̀gá òun sọ pé kí wọ́n fọ páìpù lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n sì rán smart pig (ẹ̀rọ tó ń rìn nínú páìpù láti wá ibi tó ti bàjẹ́) wọlé lọ́jọ́ kejì torí àsìkò ti lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà fún un o. Ilé ni mo wà báyìí l'Óṣogbo, mo wá sinmi, iná ò sí, inú ooru ni mo ti ń tẹ èyí, ṣùgbọ́n mi ò lè rí i kí n kọjá, ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín yẹn gan-an ló kó èmi sí wàhálà.

Páìpù epo rọ̀bì ni, ínṣì 16, lápá Delta. Cleaning pig, ìyẹn èyí tó kàn ń ha ìdọ̀tí inú páìpù jáde, méjì la rán, èyí èkejì ṣì ń kó ìdọ̀tí jáde rẹpẹtẹ, mo sọ ọ́ pé ó ṣì kù, àwọn tó ni páìpù ní rárá, kí MFL, oríṣi smart pig tó ń lo mágnẹ́ẹ̀tì, wọlé lọ́la. Mo dákẹ́, ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà yẹn, ta ló fẹ́ gbọ́ tèmi. Ó wọlé, ó rìn, ó dé òdì kejì láì há, gbogbo wa ń yọ̀, wọ́n ti ń pín mínírà. Ìgbà tá a fà á síta ojú wálẹ̀. Wax, ọ̀rá inú epo rọ̀bì tó máa ń dì, ti dì mọ́ ẹnu sẹ́ńsọ̀ bí òrí inú igbá láàárọ̀ ọyẹ́, dúdú kirimú, mo fi ìka họ ọ́ títí èékánná mi fi kún, mi ò tíì kan irin. Àwọn táyà kékeré tó ń ka bó ṣe rìn jìnnà tó, ọ̀kan ò yí mọ́ rárá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ti jẹ pẹrẹsẹ bí ẹni fi fáìlì rẹ́ ẹ.

(Ìyá mi gbọ́ ọ lórí fóònù pé pígì là ń fọ̀ látàárọ̀, Àlàájà ní ṣé ẹlẹ́dẹ̀ lọmọ òun wá ń sìn ní Wàrí ni. Ọjọ́ méjì gbáko kó tó gbà pé irin ni.)

Bí MFL ṣe ń ṣe nìyí: mágnẹ́ẹ̀tì ńlá á fi agbára kún ara irin, ibi tí páìpù bá ti dógùn-ún tó ti fẹ́lẹ́, agbára yẹn á tú síta, sẹ́ńsọ̀ á mú un. Tí wax bá gbé sẹ́ńsọ̀ kúrò lára irin, díẹ̀ ló máa mú, ihò ńlá á dà bíi kékeré. Ultrasonic, smart pig tó ń fi ìró wọn irin, náà ò fẹ́ wax, ó tún fẹ́ kí omi tàbí epo wà láàrín òun àti irin, ẹ ò lè kàn jù ú sínú páìpù gáàsì.

Rípọ́ọ̀tì wá dé, ó ní ibì kan ti fẹ́lẹ́, a gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ nínú ẹrẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, a bó ohun tí wọ́n fi wé páìpù, irin ń dán gbinrin! Táyà tí ò yí yẹn ni ò ka bó ṣe rìn jìnnà tó dáadáa, òun ló ṣì wá lọ́nà. Ẹnì kan ló wá fara balẹ̀ ka ojú ibi tí wẹ́dà ti jó páìpù pọ̀, bíi mítà 12 ni láti ojú kan sí èkejì, ló bá rí i pé páìpù tó tẹ̀ lé e ló yẹ ká gbẹ́. A ṣáà tún gbogbo ẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà ẹ má ka iye ìgbà tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, ohun tó ń jáde ni kẹ́ ẹ máa wò, tó bá ṣì ń jáde, ó kù nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn trap, ibi tí wọ́n ti ń ki pig wọlé tí wọ́n sì ti ń yọ ọ́, kí géèjì wà ní òdo, kẹ́ ẹ má sì dúró síwájú ẹ̀ láéláé. Ìdọ̀tí dúdú páìpù gáàsì míì wà tó jẹ́ pé tí atẹ́gùn bá kàn án tó gbẹ, ó lè gbiná fúnra ẹ̀, ẹ máa bomi sí i.

Gauge plate ńkọ́? Aluminium pẹrẹsẹ lásán ni, ara pig ni wọ́n ń dè é mọ́ láti mọ̀ bóyá ọ̀nà là fún smart pig, wọ́n sábà máa ń gé e sí 95% ibi tó há jù nínú páìpù. Tó bá padà dé tó tẹ̀ lápá kan, ó lè jẹ́ páìpù ló ti wọnú, ó sì lè jẹ́ fáàfù kan ni ò ṣí tán. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín àtàwọn tó ni páìpù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá sọ pé smart pig ò ní wọlé lọ́la.