Igi imú ń dùn mí: ṣé kí n bọ́ sórí awò oní-férémù ààbọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń lo awò. -3.75 ni ìwọ̀n ojú mi méjèèjì. Férémù oníke tó nípọn ni mo ń lò, èyí tó yí lẹ́ǹsì ká pátá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, igi imú mi á ti sàmì, ẹ̀yìn etí á sì máa ta mí. Láìpẹ́ yìí ni mo rí ẹnìkan tó lo irú tí férémù rẹ̀ wà lókè nìkan, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́. Ó fúyẹ́, ó sì yẹ ẹ́ gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dán an wò, pé lẹ́ǹsì rẹ̀ máa ń já bọ́. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira ojú o. Èmi kì í ṣe dókítà. Dókítà ojú ló ń yẹ ojú wò tó sì ń kọ ìwọ̀n sínú ìwé; èmi ni mo ń gba ìwé yẹn, tí mo ń ṣe awò náà, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi jókòó dáadáa lójú ẹni tó ni ín. Nítorí náà, ibi tó ń dùn yín ni n ó kọ́kọ́ mú.

Àmì orí imú kì í sábà ti ọ̀dọ̀ ìwúwo nìkan wá. Ọ̀pọ̀ férémù oníke ni kò ní tìmùtìmù imú tó ṣeé tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí imú férémù bá fẹ̀ ju tiyín lọ, tàbí tó fún jù, ibì kan ṣoṣo lórí imú ni gbogbo ẹrù yóò máa tẹ̀. Ti ẹ̀yìn etí ńkọ́? Ibi tí apá awò ti tẹ̀ kọrọdọ kò bá ibi tí etí yín wà mu ni. Ẹ wo inú apá awò yín, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 52-18-140: fífẹ̀ lẹ́ǹsì, àlàfo orí imú, àti gígùn apá, ní mílímítà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é kó tún un tẹ̀ kí ẹ tó náwó lórí òmíràn. Mo ti rí ẹni tó ń múra láti ra awò tuntun, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà mí láti yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bó bá ṣì wù yín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wà lára àwọn tí férémù ààbọ̀ bá mu jù. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A máa ń la ojú ọ̀nà tín-ín-rín kan sí etí lẹ́ǹsì, a ó sì na okùn náílọ́ọ̀nù tó dà bí okùn ìwọ̀ ẹja gba inú rẹ̀, láti igun férémù kan sí èkejì. Okùn yẹn ló di lẹ́ǹsì mú láti ìsàlẹ̀. Kí a tó lè la ọ̀nà náà, etí lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ nípọn tó nǹkan bíi 2 mm. Lẹ́ǹsì ẹni tí kò ríran jìnnà bíi tiyín máa ń tín-ín-rín láàárín, ó sì máa ń nípọn létí, nítorí náà ààyè wà. Ti ẹni tó ń lo pílọ́ọ̀sì (+), ìyẹn ẹni tí kò rí ohun tó wà nítòsí dáadáa, ni ó yí padà: àárín ló nípọn, etí ló fẹ́lẹ́, a sì ní láti mú gbogbo lẹ́ǹsì nípọn sí i kí okùn tó lè ríbi wọ̀. Fífúyẹ́ tó ń wá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ etí tó nípọn yẹn náà ni ìṣòro tiyín. Ike ṣíṣù tí ẹ ń lò báyìí ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Férémù ààbọ̀ yóò tú u síta, ẹnikẹ́ni tó bá wò yín láti ẹ̀gbẹ́ yóò sì rí i. Tó bá jẹ́ ike lásán tí nọ́ńbà rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀, jẹ́ 1.50, ní ìwọ̀n yín, etí tó jìnnà sí àárín ní 25 mm yóò fi bíi 2.3 mm nípọn ju àárín lọ. Bó bá jìnnà tó 30 mm, ó ti lé ní 3 mm. Ẹ rí i pé fífẹ̀ lẹ́ǹsì ló ń dá ẹrù náà sílẹ̀. Irin tín-ín-rín tí férémù ààbọ̀ yọ kúrò lábẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ẹ yan lẹ́ǹsì tí kò fẹ̀ jù, tí ẹyinjú yín á bọ́ sí àárín rẹ̀ gan-an.

Bó bá jẹ́ èmi ni n ó gé e, 1.60 ni n ó lò fún yín: ó tín-ín-rín ju ti lásán lọ, ojú ọ̀nà okùn kì í sì tètè sán lára rẹ̀. Polycarbonate, ike mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́ǹsì, fúyẹ́, ó sì le, àmọ́ ó máa ń tètè ha bí wọn kò bá kùn ún dáadáa. Ní ti 1.74 tí wọ́n fi ń polówó, owó ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tọ́ sí yín ní -3.75. Ẹ ní kí wọ́n má dán etí lẹ́ǹsì. Etí tó bá ń dán máa ń kọ mànàmànà kiri. Ẹ sì gba ìkunlẹ́ǹsì tí kì í jẹ́ kí iná máa tàn padà.

Titanium ni kí ẹ mú fún irin òkè. Ó fúyẹ́ ju irin lásán lọ dáadáa, ojúlówó rẹ̀ kì í sì í yọ àwọn tí irin nickel máa ń yún lára lẹ́nu. Tí àwọ̀ dúdú bá wù yín lókè, ó máa ń fi irun òkè ojú hàn dáadáa. Awò Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn bí a bá sọ irú èyí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́. Kì í ṣe okùn.

Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ tán. Okùn náílọ́ọ̀nù máa ń dẹ̀ bó pẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka mú lẹ́ǹsì, kí ẹ rọra yí i. Bó bá ń yí, ó ti tó àkókò. Etí ìsàlẹ̀ tí kò ní ààbò ni kí ẹ máa ṣọ́: ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yọ awò, ẹ má dojú lẹ́ǹsì kọ tábìlì. Fún eré ìdárayá tàbí iṣẹ́ tí èrúnrún ń fò, ẹ lo awò ààbò gidi.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ má dúró wo dígí nìkan. Ẹ tẹrí ba bí ẹni ń so okùn bàtà, kí ẹ wò ó bóyá yóò yọ̀. Kí ẹ wá rẹ́rìn-ín dáadáa. Bí ìsàlẹ̀ lẹ́ǹsì bá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ẹ jókòó padà kí wọ́n tẹ tìmùtìmù imú sí i kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.