Ṣé mo lè máa kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sínú ìwé, kí n sì máa gbé ìrun òru mi sórí WhatsApp?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù aláékúmù, Alfa wa. Lálaalẹ́ ni mo máa ń kọ ohun tí mo ṣe lójúmọ́ sínú ìwé kan, títí kan ẹ̀ṣẹ̀ mi, kí n lè bi ara mi léèrè. Bí mo bá sì dìde kírun lóru, mo máa ń gbé e sórí status kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè dìde náà. Ọkọ mi ní méjèèjì kò dára. Kí ni ẹ̀sìn wí?

ÌDÁHÙN: Wà aláékúmù sàlámù. Ẹ má ju ìwé yín nù o. Ọlọ́hun ní nínú Súrà Al-Hashr, áàyà 18, pé kí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan wo ohun tó tì ṣíwájú de ọ̀la. Wọ́n sì gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Sàyídínà Umar, ọmọlẹ́yìn Ànábì, pé ká ṣírò ara wa kí wọ́n tó ṣírò wa.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ń kọ síbẹ̀ ni kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nínú hadisi tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní gbogbo ìjọ òun ló máa rí àmójúkúrò, àfi àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ hàn. Ara wọn ni ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ lóru, tí Ọlọ́hun bò ó láṣìírí, tí ilẹ̀ mọ́ tán tó ń sọ pé, "Lánàá, mo ṣe báyìí báyìí." Mi ò sọ pé ẹ ti di ọ̀kan nínú wọn, nítorí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọmọ lè ṣí ìwé yẹn, àwọn tó máa pín ogún yín náà lè kà á. Àṣírí tí Ọlọ́hun bò, ẹ má fi bírò yín tú u. Ẹ tọrọ àforíjìn, kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ máa ṣe: "Lọ́la, màá lọ bẹ ìyàwó àbúrò ọkọ mi." Ìyẹn tó.

Ohun tó yẹ kó kún inú ìwé náà ni ẹ̀tọ́ tó wà lọ́rùn yín. Àwẹ̀ Ràmàdáánì tí nǹkan oṣù gbà lọ́wọ́ yín, mélòó ló kù? Ọ̀pọ̀ obìnrin ni Ṣàbáánì, oṣù tó ṣáájú Ràmàdáánì, máa ń bá, tí wọn kò rántí bóyá mẹ́fà ni àbí méje. Gbèsè ńkọ́? Áàyà tó gùn jù lọ nínú Àlùkùráánì, Súrà Al-Baqarah 282, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé.

Ní ti status, ẹ̀sìn kò ka ìṣe rere tó hàn léèwọ̀. Áàyà 271 nínú súrà yẹn kan náà ní sàárà tí a fi hàn dára, ṣùgbọ́n èyí tí a fi pamọ́ fún aláìní ló dára jù. Ẹ wo ohun tí ẹ máa ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e síbẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń padà lọ wo iye ẹni tó ti rí i, ṣekárími ti ń wọlé nìyẹn, ẹ yáa tètè yọ ọ́. Bí jíjí àwọn ọ̀rẹ́ yín bá jẹ yín lọ́kàn lóòótọ́, ẹ pe ẹni méjì lórí fóònù lóru kí ẹ ní, "Dìde, àsùbá ti ń sún mọ́lé." Wọn kò nílò láti mọ iye rakah tí ẹ ti kí.

Ọkọ yín tọ̀nà lórí ẹ̀ṣẹ̀ kíkọ, ó sì fẹ́ẹ̀ tọ̀nà lórí status. Ìwé nìkan ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀ fún yín. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù lọ.